Ọ̀pá Tí Ẹ Fi Ń Kan Àgbá

Sí Bàbá mi ọ̀wọ́n tó sùn sí Ajue,

Irọ́ ni, Bàbá. N kò mutí.

Mo mọ̀ pé Àǹtí Fọlá ti dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí kò pẹ́ lẹ́yìn yín tí a sin òun náà, mo sì mọ ẹnu Àǹtí Fọlá. Ẹni tí kò lè gbé ọ̀rọ̀ láti Odigbo dé Ore kó má tú u sílẹ̀ lójú ọ̀nà, báwo ló ṣe máa gbé e dé ọ̀run kó pa á mọ́? Yóò ti sọ fún yín pé ọmọ yín mu ẹmu yó, ó sùn sídìí iná lọ́sàn-án gangan, ó sì jẹ́ kí odidi àgbá ẹyìn Àlàájà ọ̀gá wa jó di èédú. Yóò ti sọ pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ipò yín lọ́wọ́ mi. Èyí tó kẹ́yìn yìí, òótọ́ ni. Wọ́n gbà á. Ìyókù, irọ́ ni.

Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ bó ṣe jẹ́ fún. Bí mo bá sọ ọ́ fún alààyè, yóò tún un sọ, ohun tí mo sì ń dáàbò bò yóò bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, èmi tí tíṣà wa ní Ajue máa ń sọ pé ìkọ̀wé mi dà bí ibi tí adìyẹ ti tanlẹ̀. Ẹ fara dà á. Orí pákó tí ẹ máa ń jókòó lé lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ ni mo wà. Ó ti ya díẹ̀ lápá òsì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé ènìyàn.

Lẹ́yìn tí a sin yín, Àlàájà wá láti Ore. Ó sunkún yín, Bàbá. N kò ní fi ìyẹn dù ú. Nígbà tó nu ojú tán, ó yíjú sí mi lójú gbogbo ènìyàn.

“Ìwọ ni wàá máa ṣe olórí wọn níbi tí a ti ń fún epo mi. Ọwọ́ bàbá ẹ ni mo mọ̀. Ṣé tìẹ náà mọ́?”

“Ọwọ́ mi le, mà,” ni mo dáhùn.

“Mi ò bi ẹ́ bóyá ó le. Mo ní ṣé ó mọ́?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín nínú ọ̀fọ̀. Ìyá Ìdòwú tó ń ṣa ẹyìn wa ló rẹ́rìn-ín jù.

Mo gbà pé mo mọ iṣẹ́ olórí. Ṣebí abẹ́ yín ni mo ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ dé. Mo mọ̀ pé ẹ kì í pín iṣẹ́ kí ẹ tó bi oníkálukú bó ṣe sùn, ẹ sì máa ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Bí ẹni kan bá ní ọmọ òun kò jẹ́ kí òun sùn, ẹ ó fi í síbi tí kò ti ní sún mọ́ iná lọ́jọ́ náà, ẹ kò sì ní sọ ìdí rẹ̀. Mo mọ̀ pé apá ibi tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ èéfín lọ ni ẹ máa ń dúró sí. Bí Àlàájà bá tọ́ epo wò tó yìn ín, ẹ ó ní Táyé ló fún un, Ìyá Ìdòwú ló ṣa ẹyìn rẹ̀, Bàbá Ayọ̀ ló sè é. Bí epo bá kan, ẹ kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ọ́ fún mi lórí ọ̀kadà nígbà kan, mo ń wà yín bọ̀ láti Ore, afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ: bí epo bá dára, ó ní orúkọ púpọ̀, bí ó bá bàjẹ́, orúkọ kan ṣoṣo ló ní.

Gbogbo èyí ni mo ṣe. Mo tètè ń dé. Mo ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Táyé sọ pé bí mo ṣe ń béèrè ẹ̀ dà bí ọlọ́pàá tó ń béèrè ìwé mọ́tò. Mo dúró sínú èéfín títí ojú mi fi pọ́n. Mo rò pé mo ti gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ohun kan ni n kò gbà. Ọ̀pá yín.

Ọ̀pá igi ayán kúkúrú yẹn tí kì í kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ń kọjá lẹ́bàá àwọn àgbá tí a fi ń se ẹyìn, ẹ ó kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kóó, kóó, láì dúró, láì wo ẹ̀yìn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹ ń ṣeré ni. Nígbà tí mo dàgbà, mo rò pé àṣà ara yín ni, bí àwọn ọkùnrin mìíràn ṣe máa ń súfèé. Nígbà tí ẹ kú, mo wẹ ọ̀pá náà, mo fi aṣọ we é, mo fi í sókè àjà pẹ̀lú fìlà yín. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ṣeré kàn án. Ohun tí bàbá ẹni fi ọwọ́ dì mú títí ó fi kú, ṣé igi lásán ni? Mo rò pé mo ń bọlá fún yín.

Bàbá, ọlá tí mo fún yín yẹn ló jó àgbá ẹyìn.

Ìgbà tí ẹyìn pọ̀ ni. Èmi àti Táyé wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti tún já, a ń so ó pọ̀. Òórùn kan wá. Ẹ mọ òórùn ẹyìn tó ń hó, bó ṣe máa ń mú ebi pa ènìyàn. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí dà bí ìgbà tí irun bá bọ́ sínú iná. Mo sáré jáde. Àgbá tó wà ní ìpẹ̀kun, ooru omi kankan kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́, èéfín dúdú ló ń jáde. Bàbá Ayọ̀ ló lóṣòó síwájú rẹ̀, ó sì tún ń ti igi bọ iná lábẹ́ ẹ̀.

Mo pariwo mọ́ ọn. “Bàbá Ayọ̀! Ẹ ò rí i ni?”

Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mo rí i. Ó ń hó dáadáa.”

Kì í ṣe ojú mi ló ń wò. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ dúró ló ń wò, mo sì ti kúrò níbẹ̀. Èébú wà lẹ́nu mi, ẹ mọ̀ mí, ó ti dé orí ahọ́n. Mo rọra rìn lọ sápá òsì rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò tẹ̀ lé mi. Ó ń rẹ́rìn-ín sí èéfín. Ó ń sọ fún èéfín pé kó má ṣèyọnu, pé ẹyìn náà kò ní pẹ́ jinná.

Mo gbé èébú náà mì.

Mo fa igi kúrò lábẹ́ àgbá. Àwọn obìnrin ti kóra jọ. A kò tíì da omi sí iná náà tán tí a fi gbọ́ ọkọ̀ Àlàájà. Ó wá kó epo lọ sí Ore, oníbàárà rẹ̀ sì ti ń dúró dè é létí ọ̀nà márosẹ̀. Òórùn ló kọ́kọ́ kí i.

“Ta ló jó ẹyìn mi?”

Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Mo ní ta ló jó ẹyìn mi? Àbí iwin ló dáná lónìí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ìwọ? Ṣé ìwọ lò ń kóná ni?”

“Èmi ni olórí, mà.”

“Mi ò béèrè olórí! Ẹni tó wà nídìí àgbá ni mò ń béèrè!”

“Èmi ni mo wà níbẹ̀, mà.”

“Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀ tí odidi àgbá fi gbẹ, tó fi jó, tó fi di èyí? Ṣé ò ń sùn ni?”

Ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo dákẹ́, àwọn tó dúró létí ọ̀nà sì parí rẹ̀ fún mi. Bí kò bá sùn, kí ló dé tí kò rí i? Bí ó bá sùn lọ́sàn-án, kí ló mu? Kó tó di pé a gbọn eérú nù, ẹmu ti wà lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo sọ pé èmi ni, mo wo ojú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo ka wọ́n. Mo ń retí ẹni tó máa sọ pé rárá, Àlàájà, kì í ṣe òun. Ìyá Ìdòwú ń tún ìró rẹ̀ ró. Táyé ń fọ ọwọ́ tó ti mọ́. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé ẹyìn fọ́n sí i. Mo kà wọ́n tán, n kò rí ẹnì kan.

Àlàájà ní láti ọjọ́ náà, èmi kọ́ ni olórí mọ́. Ó ní tí mo bá ṣì fẹ́ jẹun níbẹ̀, kí n máa ru igi. Ó rò pé màá bínú lọ. Mo lè lọ, Bàbá. Ní gáréèjì Ore, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í wá ẹni tó máa ru ẹrù. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ, ta ló máa wà lẹ́bàá ọkùnrin yẹn? Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé igi.

Bàbá Ayọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá bá mi nídìí igi lọ́jọ́ kejì. Ó fi ọwọ́ wá èjìká mi, ó kọ́kọ́ ṣì í kó tó wá rí i.

“Kí ló dé tó o fi parọ́ mọ́ ara ẹ?”

“Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́, bàbá.”

“Ṣé bàbá ẹ ló sọ fún ẹ?”

“Kí ni kó sọ fún mi?”

Ó jókòó sórí igi. Ó ní ojú òun ti lọ, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ó ní òun ń rí ìmọ́lẹ̀ iná bí ẹni ń wò ó láti inú omi, ṣùgbọ́n òun kò rí ooru omi, òun kò rí bí omi ṣe ń fà. “Bàbá ẹ mọ̀. Òun ló máa ń kan àgbá kí n lè gbọ́. Àgbá tí omi ẹ̀ kún, ohùn ẹ̀ wúwo, á ṣe gbù. Èyí tó bá ti ń gbẹ, á dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Etí ni mo fi ń dáná, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí bàbá ẹ ti lọ, imú ni mo fi ń wá a. Imú mi sì ti darúgbó.”

Mo bi í pé kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò fi igi kàn án.

“Kí gbogbo ayé wá máa wò mí? Kí Àlàájà wá rí mi tí mò ń fi igi wá omi kiri bí afọ́jú?” Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀. “Mo mọ̀. Afọ́jú náà ni mo jẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì pè mí bẹ́ẹ̀.”

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yìí nìkan ló kù fún un. Ayọ̀ tí wọ́n fi ń pè é ti lọ sí Èkó, kò wẹ̀yìn mọ́, ìyàwó bàbá náà sì ti kú. Ó dìde, ó ní òun máa wọ ọ̀kadà lọ sí Ore, òun máa sọ òótọ́ fún Àlàájà. Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó ní òun ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, n kò lè dá òun dúró. Mo ní kò sí ọlọ́kadà kan ní Odigbo tó máa gbé e lọ tí n kò ní bá jà. A ń bá ara wa ṣe é bí àgbò méjì lójú ọ̀nà tóóró. Nígbà tó yá, mo ní, “Ẹ wò ó, bàbá. Tí ẹ bá lọ, a jẹ́ pé mo parọ́ lásán, mo pàdánù ipò lásán. Ẹ jẹ́ kí irọ́ mi rí iṣẹ́ ṣe.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Olóríkunkun. Bí bàbá ẹ ṣe máa ń pè ẹ́ náà nìyẹn.”

Bàbá, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ má sì sọ pé mo ya aláìlójútì. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ rí àyè. Ẹ sọ fún mi nípa páànù tó ń jò. Ẹ sọ fún mi pé kí n má ṣe fi Màmá sílẹ̀. Ẹ tilẹ̀ sọ fún mi ibi tí ẹ fi òróró ẹ̀rọ sí. Ẹ kò sọ pé ọkùnrin kan wà tó ń fi ọ̀pá ọwọ́ yín ríran. Ṣé ẹ ti ṣèlérí fún un ni? Ṣé ẹ rò pé ara yín yóò yá? Àbí ẹ mọ ẹnu mi, ẹ rò pé màá lé e lọ?

Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ. Bóyá òótọ́ ni. Ká ní ẹ sọ fún mi nígbà náà, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ṣùgbọ́n màá sọ tèmi fún yín, nítorí ẹ̀yin lẹ bí mi bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ṣe dára, àmọ́ ẹ dá a ṣe jù. Olórí tó bá gbé gbogbo ẹrù lé orí ara rẹ̀ nìkan, tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ibi tí ẹrù náà ti wúwo, ọjọ́ tó bá ṣubú, orí ta ni ẹrù náà máa bọ́ sí? Orí Bàbá Ayọ̀ ló bọ́ sí. Orí mi náà.

Mo lọ sílé, mo gòkè àjà, mo tú aṣọ lára ọ̀pá yín. Mo kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Mo fi epo pa á. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ru igi dé, mo máa ń kan àwọn àgbá bí mo ṣe ń kọjá. Kóó, kóó. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, Bàbá Ayọ̀ ń bu omi lọ́wọ́. Ó dúró. Ó dorí kọdọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bu omi sí àgbá tó yẹ kó bu ú sí.

Ẹni tí Àlàájà fi rọ́pò mi ni Ọ̀gá Mùfú. Gáréèjì Ore ló ti wá, ó ti ṣe olórí àwọn tó ń di ẹrù sínú tírélà rí. Fèrè wà lọ́rùn rẹ̀ bíi ti réfìrí. Màá sọ òótọ́ nípa rẹ̀: kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló ní kí a kọ́ àtíbàbà fún igi ìdáná kí òjò má bàa pa á. Òun ló bá Àlàájà jà títí ó fi ra bàtà róbà fún gbogbo ẹni tó ń sún mọ́ iná. Ọdún mélòó ni a fi ń jóná lẹ́sẹ̀ lábẹ́ yín, Bàbá, tí ẹ kò béèrè bàtà? Ẹ máa ń gba ìyà pẹ̀lú wa ni, òun kò gbà kí ìyà náà wà. Mo kọ́ ìyẹn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọjà ló ti máa ń bá ènìyàn wí. Ó dúró lé Ìyá Ìdòwú lórí lọ́jọ́ kan, ó fọn fèrè.

“Ìyá yìí, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ̀ ń ṣa ni? Ẹ yára!”

“Ẹ̀fọ́ ni, ọ̀gá. Ẹ lọ gbé ìkòkò ọbẹ̀ ka iná.”

Ó yíjú sí èmi náà. “Ìwọ ọmùtí, kí lò ń lù káàkiri?”

“Àgbá ni, sà.”

“Mo rí i pé àgbá ni. Kí ló ṣe ẹ́?”

“Mò ń kí wọn ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó mirí. Ó ní ẹmu náà ṣì wà lójú mi. Mo gbé igi mi, mo lọ.

Ti Màmá ló dùn mí jù. Wọ́n ti sọ ọ́ fún un ní ilé àdúrà kí n tó délé. Kò bi mí. Ì bá dára ká ní ó bi mí. Ó kàn mú orúkọ mi lọ fún àwọn alàgbà, wọ́n sì ń fi mí sínú àdúrà ìṣọ́ òru pẹ̀lú àwọn tí ẹ̀mí ọtí ń dà láàmú. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, ó máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀, á gbóòórùn ẹnu mi. Mo máa ń mí jáde dáadáa kí ó lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ńṣe ni ojú rẹ̀ máa ń dán. Ó ní àdúrà ti ń gbà.

Kí ni kí n sọ fún un, Bàbá? Bí mo bá sọ òótọ́ fún un, inú rẹ̀ yóò dùn débi pé yóò jẹ́rìí rẹ̀ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo Odigbo yóò sì mọ̀ pé afọ́jú ló ń dáná fún Àlàájà. Mo ń jẹ́ kó gbàdúrà.

Lákòókò yẹn, mo máa ń ka àwọn ènìyàn. Mo máa ń jókòó sórí pákó yín nírọ̀lẹ́, màá ka àwọn tó ṣì ń kí mi bí wọ́n ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀. Mo máa ń fi ìka kà wọ́n, ìka máa ń ṣẹ́kù lọ́wọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo wá ro orí sàréè yín, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni mo wà. Òjò tó rọ̀ ní Ajue lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí ọlọ́kadà kankan gbà láti gbé mi. Mo sùn síbẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo rántí pé ọ̀pá yín wà lọ́wọ́ mi. Mo ti mú un wá láti fi hàn yín. Inú mi dàrú. Wọ́n á ti dáná báyìí. Ta ló máa kan àgbá? Ẹsẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kí n tó rí ọ̀kadà, ẹrẹ̀ sì mú bàtà mi kan lọ. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń fi imú wá òórùn burúkú yẹn.

N kò gbọ́ òórùn burúkú. Ìró ni mo gbọ́.

Mo dúró lẹ́yìn àtíbàbà igi, mo ń wò wọ́n. Ìyá Ìdòwú ló ń lọ da hàhá ẹyìn nù. Bó ṣe ń kọjá, ó fi ìgbakọ kan àgbá kìíní, kan ìkejì, kò dúró. Kò pẹ́, Táyé jáde láti ìdí ẹ̀rọ wá bu omi mu, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kan àgbá. Obìnrin mìíràn fi ìdí abọ́ kàn án. Ẹnikẹ́ni kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá Ayọ̀ jókòó sáàárín wọn, ó fi etí kan sílẹ̀, ó sì dìde lọ bu omi sí àgbá tó wà ní ìpẹ̀kun.

Mo lọ bá Ìyá Ìdòwú. “Ta ló sọ fún yín?”

“Sọ kí ni fún wa?”

“Ìyá Ìdòwú, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó gbé abọ́ kalẹ̀. “Ta ni kò mọ̀ níbí? Ọkùnrin tó ń kí ewúrẹ́ mi ‘ṣé dáadáa lo jí’? Bàbá ẹ ò sọ fún wa pé òun mọ̀, àwa náà ò sọ fún un pé a mọ̀. Báyìí la ṣe wà títí ó fi lọ.”

“Kí ló wá dé tí ẹ kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ tí Àlàájà ń bú mi?”

“Kí á sọ kí ni? Ká ní ‘kì í ṣe òun’? Kí Àlàájà wá ní ‘ta ni, nígbà náà’?” Ó wò mí bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo ọmọ tí kò mọ ìṣirò. “Ìwọ ọmọ yìí, orí ẹ le o. Ẹnu tá a pa mọ́ yẹn, tìẹ la fi ń ṣe. O parọ́, a bá ẹ dì í mú. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lo ní ọwọ́ ni?”

Nígbà tí mo sì yíjú padà, Ọ̀gá Mùfú ló ń bọ̀, ó ń fi fóònù bá ẹni kan jà ní Ore, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Bó ṣe dé ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbá, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láì dá ọ̀rọ̀ dúró, ó sì kọjá. Ó rí i pé gbogbo wa ń ṣe é ni. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń fún epo níhìn-ín nìyẹn.

Mo ti na ìka mi sílẹ̀ láti kà. Ìyá Ìdòwú. Táyé. Obìnrin tó fi abọ́ kàn án. Nígbà tó kan ẹni tó gba ipò mi, mo ká ìka náà kò. N kò kà wọ́n mọ́ láti ọjọ́ yẹn, Bàbá. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó.

Mo ṣì ń ru igi. Wọ́n ṣì ń pè mí ní ọmùtí lójú ọ̀nà márosẹ̀. N kò bẹ̀bẹ̀ kí ẹ bá mi gba ipò náà padà. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe. Màmá gba àlá gbọ́ ju bó ṣe gba ènìyàn gbọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ sí i. Ẹ má ṣàlàyé, nítorí yóò sọ ọ́ ní ìjọ. Ẹ kàn jókòó tì í, kí ẹ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kì í mutí. Tí ẹ bá sọ ọ́, yóò gbà.

Ẹ má bínú pé mo bá yín wí. Mo ṣì ń bínú díẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe jókòó síbi yìí, wọ́n ń kan àgbá lẹ́yìn mi, kóó, kóó, n kò mọ ọwọ́ ta ni. Ó yẹ kó ti mọ́ mi lára. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó bá dún, mo máa ń bojú wẹ̀yìn.

Èmi ni,
Olóríkunkun yín, tí ẹnu rẹ̀ mọ́.